Ìgbín Òkun Tó Gba Iyán Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́jọ́ Sátidé nílé ìyá mi! Ìgbín òkun ni mo bá jowú o. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Tíṣà ni mí n'Ìkéré, èmi sì ni àkọ́bí Màámi. Bí Sátidé bá ti mọ́, màá wọ mọ́tò, màá tún gun ọ̀kadà, ó di Ọ̀rùn, ìlú tí Màámi ń gbé. Èmi ni mò ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, èmi ni mò ń fọṣọ, èmi ni mò ń gúnyán. Àbúrò mi Yẹmisí ńkọ́? Yunifásítì kan létí òkun ló wà, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ẹran inú omi. Ó máa ń pẹ́ ká tó rí i.

Sátidé yẹn ló wálé. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi yọ fóònù, ó ní kí Màámi wá wo ohun tóun ń ṣèwádìí lé lórí. Ìgbín òkun ni, àmọ́ kò ní ìkarahun. Kékeré báyìí, kò tó hóró ìrẹsì! Àwọ̀ ewé ló ní, ojú rẹ̀ sì jọ ti àgùntàn. Yẹmisí ní tó bá jẹ ewéko inú òkun, á fi àwọ̀ ewé yẹn pamọ́ sára, á máa fi yáàrùn, oòrùn náà á sì máa bọ́ ọ.

Màámi pariwo! Wọ́n pe Ìyá Dúpẹ́ aládùúgbò wa, wọ́n pe àwọn tó ń ti oko kòkó bọ̀.

“Ẹ wá wo uṣẹ́ ọmọ mi!”

Ọmọ wọn! Èmi tí mo di ọmọ odó mú lẹ́yìn ilé, ọmọ ta ni mí? Ìyá Dúpẹ́ béèrè bóyá wọ́n máa ń sè é jẹ, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Owú ń jẹ mí débi pé mo ń gún iyán náà bí ẹni tó ń bá a jà.

Látìgbà tí Bàámi ti kú, èmi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bu iyán fún nílé wa. Àgbà ni mí. Lọ́jọ́ yìí, Màámi bu iyán, wọ́n fi itan adìyẹ sọ́bẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e fún Yẹmisí! Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ò ní bínú?

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní ṣé ìgbín yẹn ló máa ń gbé wọn lọ sí ọsibítù ni? Ṣé òun ló ń pọnmi?

Màámi ò tiẹ̀ bínú. “Àlejò la á kọ́ bu uyán fún. Ùwọ mà ni onulé.” Wọ́n ní ẹni tó mọ ibi tí ìkòkò ọbẹ̀ wà kì í retí kí wọ́n bù fún òun.

Ara tù mí! Mo yíjú sí Yẹmisí kí n lè yangàn sí i díẹ̀, àfi bí mo ṣe rí omijé lójú ẹ̀. Ó béèrè pé ṣé òun ti wá di àlejò nílé Màámi nìyẹn? Ó ní èmi lòun máa ń jowú níbi tóun wà. Tí orúnkún bá ń dun Màámi, èmi ni mo máa ń fi ọwọ́ ra á. Òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lórí fóònù, nígbà tí ìrora náà bá ti lọ tán.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbé igbákọ lé e lọ́wọ́, mo ní kó dìde, kó wá bu iyán fún Màámi àti èmi. Ẹni tó ń bu iyán kì í ṣe àlejò.

Ó dìde lóòótọ́, ó nu ojú. Ó sì bu tèmi kékeré!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹni tí ẹ bá ń jowú, ẹ bi í léèrè ohun tóun náà ń jowú lára yín. Ṣé owú mi ti wá tán? Rárá o, ó kàn ti ní ẹnì kejì ni. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ti gba ipò yín rí níwájú ìyá yín? Ẹ sọ tiyín, mò ń gbọ́!