Abúlé Ọgbà Àjàrà tí N Kò Dé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní àjà kẹta fúláàtì káńsù kan ní Peckham, ní London, iṣẹ́ àárọ̀ Sátidé mi ni láti ru iṣu Mummy bọ̀ láti Rye Lane. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbẹ̀ mọ òórùn òpópónà yẹn: ẹja tútù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, àti ìpara láti ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Mo rò pé gbogbo ayé ló ń rùn báyẹn, ọkàn mi sì balẹ̀, títí Bísọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, fi rìnrìn àjò.

Aunty Dúpẹ́, ìyá rẹ̀, ń tọ́jú ìyá arúgbó òyìnbó kan tó ní ilé ní abúlé kékeré kan nílẹ̀ Faransé. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, arúgbó náà kó tìyá tọmọ lọ síbẹ̀. Bísọ́lá lọ bí ọmọ Peckham, ó padà dé bí ọmọ ọba. Búrẹ́dì Àgége kò wọ̀ ọ́ lọ́fun mọ́. Ó ní òkè ńlá ló yí ìlú náà ká, ọgbà àjàrà sì ti ẹsẹ̀ òkè wá dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, baálẹ̀ wọn fúnra rẹ̀ ló sì ń wa katakata.

Ohun tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tí Bísọ́lá kọ́kọ́ pàdé baálẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Bàbá náà rò pé ọmọ ṣubú ni. Ó gbé e dìde, ìyàwó rẹ̀ sáré mú báńdéèjì wá, wọ́n sì fi odindi agbọ̀n àjàrà pẹ̀tù sí i nínú. Èmi tí mo ti kúnlẹ̀ fún gbogbo àgbà tó wà láàárín Peckham àti Walworth, kò sẹ́ni tó fi tòmátò kan ta mí lọ́rẹ.

Lọ́dún kejì, Aunty Dúpẹ́ sọ fún Mummy pé àyè ọmọ kan ṣì kù. Èmi ni àkọ́bí, èmi ló kàn. Ẹnu mi nìkan ni mo ní láti pa mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, tíṣà ní kí a kọ nípa ìlú tó jìnnà kan. Bísọ́lá ka tirẹ̀ sókè, ó ń fì bí ìyàwó gómìnà, owú sì gbé mi dé orí ìwé. Mo kọ ọ́ pé ajá pọ̀ ju ènìyàn lọ lábúlé náà. Pé bí oníbúrẹ́dì bá sùn, gbogbo ìlú á gbààwẹ̀. Pé baálẹ̀ ń wa katakata nítorí kò rí ẹni tí yóò jọba lé lórí. Pé ẹni tí kò bá rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ní London nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá sí síkúùlù wa, Aunty Dúpẹ́ wọ awò ojú, ó dúró níwájú ògiri náà, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní Sátidé, ó gòkè wá bá wa nígbà tí Mummy ń dín dòdò.

“Mummy Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, Kẹ́mi ni mo fẹ́ mú lọ o.”

Kẹ́mi ni àbúrò mi. Mummy yíjú padà. “Ṣebí Ṣadé la jọ sọ.”

“Mi ò lè mú Ṣadé lọ síbi tí ò ti ní rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́. Ó wà lára ògiri síkúùlù wọn.”

Mummy kò gbèjà mi. Ó ní àìmẹ́nu, àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ní kí n kúnlẹ̀ síbi fíríìjì, kí n ká ọwọ́ sókè. Kẹ́mi ń rọra jẹ dòdò lójú mi, ó ń bi Aunty Dúpẹ́ bóyá àjàrà máa ń ní kóró nínú.

Lóde òní, wọ́n ti ń ta wáìnì ní Rye Lane, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́ja. Àwọn ọ̀dọ́ onírùngbọ̀n á gbóòórùn ife kí wọ́n tó mu ún, wọ́n á ní àwọ́n ń gbóòórùn òkúta orí òkè. Ẹja nìkan ni ìyá tèmi ń gbóòórùn kó tó rà á. Ọdọọdún ni Kẹ́mi ń kó ọkọ àtàwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí abúlé yẹn, tí á máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa. Láyé ìgbà yẹn, mo ní ẹnu tí mo fi ń bú ibẹ̀, n kò ní owó ọkọ̀. Ní báyìí, owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń yin ibẹ̀ fún gbogbo ayé, ní pàtàkì bí Kẹ́mi bá wà nítòsí. Kò tíì sọ fún mi pé ká jọ lọ.