Sálámà Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Òkè

Títí dòní, bí mo bá ṣí àpótí tí òórùn káfúrà fẹ́ sí mi, ọ̀dọ̀ Àlàájà, ìyá àgbà kan tí màámi mọ̀, ni ọkàn mi ń lọ. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ láyé òyìnbó ni wọ́n ń gbé n'Ílọrin, àwọn àlejò a sì máa wá wo àwọn ohun àtijọ́ inú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí màámi mú mi lọ, mo yọ́ wọ yàrá kan lókè: òórùn káfúrà, bẹ́ẹ̀dì onírin, aago tó ń dún kẹ́-kẹ́, fìlà funfun lórí ìṣó. Àlàájà gbé tíì gòkè, wọ́n dúró lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà.

“Àsàlámù àléékúmù.”

Ilé kéú ti kọ́ wa pé èèyàn kì í gbọ́ sálámà kó má dáhùn. Mo pariwo: “Wàáléékúmù sàlámù!”

Ife já bọ́ lọ́wọ́ wọn. “Àáfà mi, ẹ ti dé?”

Wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n rí mi. Mo ń retí ìgbátí. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé yàrá ọkọ wọn tó ti kú ni, àti pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kí i bẹ́ẹ̀.

“Ọmọ mi, dákun, tún dáhùn.”

Wọ́n jáde, wọ́n fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì kí. Mo dáhùn. Mo wá dúró títí, aago ń dún. Kò sẹ́ni tó wọlé.