Búlọ́ọ̀kù tó ní nọ́ńbà pupa

Búlọ́ọ̀kù ni mo gbé lérí wọ ọ́fíìsì ìjọba lónìí, orí mi ò sì dàrú o!

Nígbà tí ìjọba fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìgàndó torí gọ́tà tí wọ́n fẹ́ là, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri kálukú, wọ́n ṣèlérí owó gbà-má-bínú. Nígbà tí wọ́n wó o tán, Ìyá Rìdwáánù, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ mi, tọ́jú búlọ́ọ̀kù tó ní nọ́ńbà tiẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Èmi kó mẹ́ta nínú tèmi lọ fi tẹ́ ìdí dúrọ́ọ̀mù omi nílé.

Láàárọ̀ yìí, a lọ béèrè owó náà, ọ̀gá ọ́fíìsì ní, "Ẹ̀rí yín dà?"

Ìyá Rìdwáánù gbé búlọ́ọ̀kù ka tábìlì, gbì!

"Ọ̀gá, ẹ ka nọ́ńbà yín. Àbí ká lọ kà á níwájú adájọ́?"

Lọ́yà ọ́fíìsì náà sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá létí. Kíá, ohùn ọ̀gá yí padà: "Màmá, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

Mo sáré wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé, mo da omi nù, mo yẹ búlọ́ọ̀kù wò. Ẹ̀kẹta ló ní nọ́ńbà! Mo gbé e lérí padà sí ọ́fíìsì.

Orúkọ mi ti wọ ìwé àwọn tí wọ́n máa sanwó fún!

Ṣùgbọ́n mi ò tíì bẹ Ìyá Rìdwáánù. Ojú ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?