Ẹni Tó Ń Sọ Pé "Máa Bọ̀" Lẹ́yìn Kámpà Délé

Èmi kì í ṣe aláròyé. Àwọn tó mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kí n wá jẹ́rìí, "Ọlọ́run ṣeun" ni màá sọ, màá sì padà lọ jókòó. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó èyí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Òótọ́ ni. Etí mi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ojú mi kọ́ ló rí gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì ń dùn mí.

Ìyàwó mi ti kú. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, kò wá sójú àlá mi rí. Mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn mìíràn tí aya wọn kú pé àwọn rí tiwọn lójú oorun, ó ń gbálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Èmi, òkùnkùn ni mo máa ń bá níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń tọrọ ni kí n tún rí i, kó pè mí bó ṣe máa ń pè mí.

Iṣẹ́ mi ni pé mo ń fa kámpà. Kámpà ni ilé kékeré orí táyà tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù, tí àwọn èèyàn ibí fi ń lọ gbafẹ́ nínú igbó. Ọ̀gá mi ní ọgbà kan ní Tucker, lẹ́bàá Atlanta níbí, tí wọ́n ti ń wá yá wọn. Èmi ni mo máa ń fà wọ́n lọ síbi tí oníbàárà bá fẹ́, tí màá sì fi ẹ̀yìn tì wọ́n wọ àyè wọn.

Lílọ síwájú kọ́ ló le. Fífi ẹ̀yìn rìn ni. Bí o bá yí síárìn sí ọ̀tún, òsì ni kámpà ń lọ. Bó bá wá fẹ̀ ju ọkọ̀ tó ń fà á lọ, ara kámpà nìkan ni dígí ọkọ̀ yóò máa fi hàn ọ́. O ní láti so dígí gígùn mọ́ ọn, kó yọ síta bí etí ehoro. Síbẹ̀, ibì kan á ṣì wà lẹ́yìn lápá ọ̀tún tí ojú awakọ̀ kì í sábà dé. Ibẹ̀ ni èèyàn gbọ́dọ̀ dúró sí, kó máa pè ọ́.

Ìyàwó mi ló máa ń dúró níbẹ̀. Bó bá ti kúrò níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó lọ́jọ́ Sátidé, á tẹ̀ lé mi, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ ewé á ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Á máa fi ọwọ́ kan pè mí. "Ẹ máa bọ̀, Dádì. Ẹ máa bọ̀." Bó bá tó, á fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara kámpà, gbà, gbà. "Ó tó."

Kò pariwo rí. Mo sì máa ń gbọ́ ọ.

Délé ni àbúrò mi, ọmọ bàbá mi. Nọ́ọ̀sì ni, Stone Mountain ló ń gbé. Ọmọdé ni nígbà tí mo gbé ìyàwó wọlé, nítorí náà ìyàwó mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí, bí àṣà wa. "Ọkọ mi" ló ń pè é. Délé náà á ní, "Ìyàwó mi, kí lẹ sè lónìí?" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Àṣà ni. Nígbà yẹn, mi ò kà á sí nǹkan kan.

Nígbà tí òtútù lọ lọ́dún yìí, Délé ra kámpà. Ó fẹ̀ ju èyíkéyìí tó wà lọ́gbà ọ̀gá mi lọ. Èèyàn méjì lè kọjá nínú rẹ̀ láìfara kanra. Ìyàwó mi ti máa ń sọ pé bí àwa bá máa ra tiwa, kò gbọdọ̀ há, torí òun ò lè máa fi ìdí gbá ìkòkò. Mo wọ inú ti Délé, mo fọwọ́ ra tábìlì rẹ̀. Nǹkan kan ta mí láyà bí ata. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun?

"Bọ̀dá mi, ẹ ò sọ̀rọ̀," ni Délé wí.

"Ó fẹ̀."

"Ìyẹn nìkan? Bí wọ́n bá gbé gbogbo Atlanta fún Bọ̀dá, 'Ó tóbi' ni wọ́n máa sọ."

Ó bẹ̀ mí kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fà á. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a gbé e jáde. Òun ló wakọ̀, èmi jókòó tì í. Nígbà tí a dé orí òpópónà I-285, ó wá rí i pé ojú ọ̀nà ti di tóóró. Ó ń wo ìlà ọ̀tún, ó ń wo ìlà òsì, bí ẹni tó ru àwo ẹyin.

"Má wo ìlà," mo ní. "Ibi tí ò ń lọ ni kó o máa wò."

Tírélà gígùn kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ fa kámpà mọ́ra, ó sì tún tì í padà. Kámpà bẹ̀rẹ̀ sí í ju ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ìrù ajá. Délé fẹ́ tẹ bíréèkì.

"Má tẹ̀ ẹ́. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Di síárìn mú, jẹ́ kó fara balẹ̀ fúnra rẹ̀."

Ó gbọ́. Kámpà fara balẹ̀. Délé nu ojú.

"Bọ̀dá, irú ìyà wo ni mo fowó ara mi rà yìí?"

Ọ̀sán gangan ni a dé ọgbà ìpàgọ́ náà, lẹ́bàá adágún omi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í fẹ́ kí èèyàn máa rìn kiri ní ọ̀sán gangan. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé ìyẹn. Oòrùn mú ganrín. Lẹ́búlẹ́bú tó ń dà láti ara igi páìnì, èyí tó máa ń bo gbogbo Atlanta ní àsìkò yẹn, ti kun kámpà tuntun náà láwọ̀ ìyeyè láti òkè dé ilẹ̀.

Àyè tí wọ́n fún wa há. Igi wà lọ́tùn-ún, igi wà lósì. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ lọ sínú omi. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn lápá òsì, níbi tí Délé ti lè rí mi nínú dígí. Lápá ọ̀tún, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo wò ó dáadáa kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́.

"Máa bọ̀," mo ní. "Máa bọ̀. Díẹ̀ sí i."

Délé ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Ó dé ibi tó yẹ kó dúró. Mo gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó."

Kò dúró.

"Délé, ó tó."

Kámpà ń bọ̀. Táyà ẹ̀yìn ti gun koríko, ó ń lọ síbi gẹ̀rẹ́ náà. Mo la ẹnu kí n kígbe. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ, láti òdìkejì kámpà, níbi tí fífẹ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kí n rí.

"Máa bọ̀, ọkọ mi. Máa bọ̀."

Èèyàn kì í ṣi ohùn ìyàwó rẹ̀ gbọ́.

Ẹnu tí mo là, mo pa á dé. Bí mo bá kígbe, mi ò ní gbọ́ ọ mọ́. Àbúrò mi ń fi ẹ̀yìn lọ sínú omi, èmi dúró, mò ń tẹ́tí.

Ó tún un sọ. "Máa bọ̀."

Ìgbà yẹn ni ara mi tutù nínú oòrùn. Kò sí "ẹ" níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra títí di ọjọ́ tó lọ, kò sọ "máa bọ̀" fún mi rí. "Ẹ máa bọ̀" ni. Kì í ṣe èmi ló ń pè.

Lẹ́yìn náà, gbà, gbà, lára kámpà.

"Ó tó."

Kámpà dúró. Táyà wà létí gẹ̀rẹ́ náà gan-an. Òkúta kan yí kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó yí títí ó fi bọ́ sómi.

Mo sáré yípo. Kò sí ẹnì kankan. Igi páìnì nìkan ni. Ṣùgbọ́n lára kámpà, nínú lẹ́búlẹ́bú ìyeyè yẹn, àmì àtẹ́lẹwọ́ kan wà. Kékeré ni, ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Mo gbé ọwọ́ mi lé e. Ọwọ́ mi tóbi jù ú lọ. Nígbà tí mo gbé e kúrò, àmì tèmi nìkan ló kù.

Délé sọ̀kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá mi, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti bẹ èèyàn lọ́wẹ̀. Màmá yẹn mọ̀ ọ́n pè jù yín lọ."

"Màmá wo?"

"Èyí tó wà lápá ọ̀tún, nínú dígí. Tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀…"

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó wo ojú mi. Ó wo ibi tí táyà dúró sí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Bọ̀dá. Ṣé ìyàwó mi ni?"

Ìyàwó mi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ láti kékeré. Ọwọ́ mi fẹ́ẹ̀ dìde láti gbá a.

"O rí ojú rẹ̀?"

"Mo rí i."

Àìsàn ti jẹ ẹ́ gan-an kó tó lọ. Ọwọ́ kan ni mo fi máa ń gbé e. Mo fẹ́ béèrè, mo sì kórìíra pé ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.

"Ṣé ara rẹ̀ ti yá?"

"Ó ti yá, Bọ̀dá," ló sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ti sanra."

Mo ní kó gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Mo wọ inú ọkọ̀, mo fa kámpà jáde, mo tún fi ẹ̀yìn tì í wọlé. Ojú mi ò kúrò nínú dígí ọ̀tún. Igi ni. Oòrùn ni. Mo tún fà á jáde. Mo tún tì í wọlé. Òyìnbó kan tó ń sun ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yí àga rẹ̀ padà kó lè wòran dáadáa. Délé wá síbi fèrèsé mi.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

"Bọ̀dá mi. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún un, a sì lọ sílé.

Láti ọjọ́ yẹn ni Délé ti di ọ̀gá. Àyè tí èmi tí mo fi í ṣe iṣẹ́ á sọ̀kalẹ̀ yẹ̀ wò kí n tó gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀kan ni Délé ń fi ẹ̀yìn wọ ọ́. Wọ́n ń yìn ín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní èmi ni mo kọ́ ọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ìgbàkígbà tí òun bá wo dígí ọ̀tún, ìyàwó mi wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn kámpà ló máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kámpà. Nígbà tó tún yá, ibi ìkọ́ tó so ọkọ̀ mọ́ kámpà ni. Ó ń sún mọ́ iwájú. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Délé. Kì í ṣe ẹ̀rù ló ń bà mí ní tèmi. Mo ń bi í pé kí ló wọ̀. Mo ń bi í pé ṣé ó di irun rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó fa kámpà náà wá sílé mi.

"Bọ̀dá, ẹ gbà á. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣí géètì. Èmi nìkan ni mo fi ẹ̀yìn tì í wọlé, láìsí ẹni tó pè mí. Díẹ̀ ló kù kó ha ògiri.

Ó wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò fọ lẹ́búlẹ́bú tó wà lára rẹ̀. Dígí ọ̀tún nìkan ni mo ń nù. Bí ọ̀sán bá pọ́n lọ́jọ́ Sátidé, màá lọ jókòó sínú pikọ́ọ̀pù mi, màá so ó mọ́ kámpà, màá máa wo dígí. Kò tíì wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Délé pè mí lórí fóònù. Ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ kékeré rẹ̀ ló ń wà, kò fa nǹkan kan. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá, mi ò rìfáàsì o. Iwájú ni mò ń lọ. Ó ń sọ pé máa bọ̀."

"Níbo ló wà?"

"Àga ẹ̀yìn."

"Apá wo?"

"Ọ̀tún. Bọ̀dá, kí ni kí n ṣe?"

Ó yẹ kí n gbàdúrà fún un. Ó yẹ kí n ní kó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kó sọ̀kalẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Sọ fún un pé ilé ni mo wà."

Ó gbé fóònù kúrò lẹ́nu. Mo ń gbọ́ bí táyà rẹ̀ ṣe ń lọ lórí ọ̀dà. Lẹ́yìn náà, ó padà sórí fóònù.

"Mo ti sọ fún un."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun mọ̀."

Délé délé láyọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò wakọ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń gbé e. Ó ní òun kì í wo dígí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fa ohun tó fẹ̀ ju ọkọ̀ yín lọ, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ so dígí gígùn mọ́ ọn. Kí ẹ tó fi ẹ̀yìn rìn, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ yípo rẹ̀, kí ẹ mọ ẹni tó dúró lápá ọ̀tún. Bí ohùn kan bá ní "máa bọ̀", tí ẹ ò sì mọ ẹni tó ni í, ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ má dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé, tó sì jẹ́ "ẹ máa bọ̀" ló sọ, kì í ṣe ẹ̀yin ló ń pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀ fún mi.