Irin Tí Ògúnlẹ́yẹ Kò Fẹnu Kàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ògúnlẹ́yẹ jẹ́, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ búṣìn. Òrùka irin kékeré ni, oríkèé ẹsẹ̀ iwájú gírédà ni wọ́n máa ń fi í sí, gírédà tí í ṣe ẹ̀rọ ńlá tó ń fá ojú ọ̀nà. Bí búṣìn bá ti jẹ, ẹsẹ̀ iwájú á máa mì bí eyín ọmọ ọdún méje. Awakọ̀ á yí sítíárìn sí ọ̀tún, ẹ̀rọ á ní kí òun rò ó wò ná.

Èmi ni mo ń tọ́jú ilé ẹrù ní yáàdì àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ní Èrúwà nígbà náà, Ògúnlẹ́yẹ sì ni mẹkáníìkì wa. Bàbá Àjíkẹ́ ni a ń pè é, òun náà a máa pè mí ní Bàbá Tinúkẹ́. Yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ gírédà, yóò gbé ọwọ́ lé oríkèé náà, yóò ní kí Búrẹ́mọ̀ awakọ̀ máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ lásán ló fi ń mọ èyí tó ti jẹ. Yóò fi òòlù lu ti àtijọ́ jáde, yóò fi gírísì pa tuntun lára, yóò sì fi sùúrù gbá a wọlé. N kò rí i kó kánjú rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan.

Ìdílé àwọn tó ń bọ Ògún ni wọ́n ti bí i. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìjọ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan tí sípánà sọnù, mo ní òun ni mo fura sí. Kò bá mi jà. Ó mú sípánà mìíràn, ó fẹnu kàn án, ó ní bí òun bá mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, kí Ògún má jẹ́ kí òun rí àmọ́dún. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ojú tì mí, mo bẹ̀ ẹ́. Láti Èrúwà títí dé Ìdèrè, wọ́n mọ̀ pé bí Ògúnlẹ́yẹ bá ti fẹnu kan irin, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọdún kejì tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì, kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ni láburú ṣẹlẹ̀. Búṣìn iwájú gírédà ti jẹ tán pátápátá. A kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́ wa ní Ìbàdàn pé kí wọ́n fi tuntun ránṣẹ́, a tún kọ òmíràn, Ìbàdàn kò fèsì. Ọ̀gá wa wá dé lójijì, ó ní àwọn ènìyàn ńlá ń bọ̀ wá gba ọ̀nà Lanlate kọjá, gírédà gbọ́dọ̀ jáde lọ́la. Ògúnlẹ́yẹ ní kò ṣeé ṣe. Ọ̀gá ní bí kò bá ṣeé ṣe fún un, òun á wá ẹni tí yóò ṣeé ṣe fún. Ọmọ márùn-ún ni Ògúnlẹ́yẹ ń bọ́. Ó wá agolo mílíìkì, ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi wé inú búṣìn tó ti jẹ, ó gbá a padà sáyè rẹ̀. Ó fọwọ́ síwèé pé tuntun lòun fi sí i. Ó kìlọ̀ fún Búrẹ́mọ̀ pé kó rọra máa lọ. Búrẹ́mọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń fi gírédà sáré?

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò kan lẹ́bàá Lanlate, sítíárìn kọ̀ fún un. Gírédà yà kúrò lójú ọ̀nà, ó dojú dé, ó sì tẹ Búrẹ́mọ̀ pa. Ó dùn mí títí dòní.

Nígbà tí kóòtù ń wádìí ikú náà, ọ̀gá wa ló kọ́kọ́ búra. Ó ní eré àsápajúdé ni Búrẹ́mọ̀ sá. Rùkáyàt, ìyàwó olóògbé, wà níwájú pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bá wá: ṣé ọkọ òun ló fi àìbìkítà pa ara rẹ̀ ni, tàbí ẹ̀rọ ló pa á? Wọ́n pe Ògúnlẹ́yẹ. Akọ̀wé kóòtù to Bíbélì, Kùránì àti àdá kékeré kan síwájú rẹ̀, ó ní kó mú èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ògúnlẹ́yẹ wo irin náà. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ rẹ̀ tí gírísì ti sọ di dúdú, ó mú Bíbélì.

Àjèjì ni adájọ́, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ẹnìkan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ògúnlẹ́yẹ búra, ó ní búṣìn tuntun lòun fi sí i. Ó rò pé ìwé tí òun kò sìn kò lè ṣe òun ní nǹkan kan, kò sì rántí pé àwa tí a mọ̀ ọ́n la kún inú kóòtù. Adájọ́ dá òkú lẹ́bi.

Rùkáyàt dúró de Ògúnlẹ́yẹ níta. A rò pé yóò ṣépè ni. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ ṣé, Bàbá Àjíkẹ́," ó ní. "Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ọkọ mi kọ́ ló pa ara rẹ̀."

Ìlú ń retí kí Ògún jà. Ògún kò jà. Ògúnlẹ́yẹ náà ń retí rẹ̀, ó ń rù, ó ń gbẹ. Kò sí awakọ̀ tó gbà kó fọwọ́ kan búṣìn mọ́, táyà ni wọ́n ní kó máa pààrọ̀. Bí ọdún Ògún bá dé, kì í lọ sí agbo ilé wọn mọ́.

Lọ́sẹ̀ tí yóò fẹ̀yìn tì, ó wá bá mi ní ilé ẹrù, ó jókòó lórí àpótí.

"Bàbá Tinúkẹ́," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ni Bíbélì yẹn. Kí ló máa ń fi ojú ẹni tó bá fi purọ́ rí?"

Mo ní n kò mọ̀. Èmi tí mo jókòó lórí bẹ́ńṣì kẹta lọ́jọ́ náà, tí mo mọ̀ dájú pé búṣìn kan kò jáde láti ilé ẹrù mi, tí wọ́n fi ìwé tèmi purọ́ mọ́ òkú lójú mi, tí n kò sì dìde.