Kọ́bọ̀ Méjì láti Kúmásì

Mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú kọ́bọ̀ oníhò, mi ò sì tíì forí jì í títí dòní.

Bàbá mi ń ta gbàǹja ní Tudun Wada, ní Sáríà. Kò mọ̀wé, ìyá mi náà kò mọ̀wé. Bó bá wà lájò, owó ẹyọ méjì ló máa ń so pọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi, bí wọ́n ti ń pàrokò nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bó bá so wọ́n lójú kojú, ó ń wí pé, "Ọkàn mi ń fà sí ọ, wá bá mi." Ẹ̀yìn-kẹ́yìn ni ti ìkọ̀sílẹ̀. A ò rí irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí owó ẹyọ kò níyì lọ́jà mọ́, tí ìjọba ní owó kan náà la ó máa ná pẹ̀lú àwọn ará Kúmásì, inú bàbá mi dùn gan-an. Ó di ẹrù, ó lọ ra gbàǹja lọ́hùn-ún. Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní òun kò ní í pẹ́.

Ó tó ọdún kan kí àrokò rẹ̀ tó dé. Ó jọ pé kò rí ẹyọ ní Kúmásì, torí kọ́bọ̀ méjì ló fi okùn so. Ẹni tó mú un wá gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Kánò ni, kò mọ nǹkan kan. Ìyá mi yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Adé wà lápá kan, ìràwọ̀ wà lápá kejì. Èwo wá lojú? Aládùúgbò wa kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kuɗi ne kawai," owó lásán ni. Akọ̀wé rélùwéè kan ló yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní adé lojú. Ìta sì ni adé méjèèjì kọjú sí, ẹ̀yìn-kẹ́yìn nìyẹn.

Ìyá mi ní ọkọ òun ti rí ìyàwó mìíràn. Mo bẹ̀ ẹ́ ká lọ, ó ní òun kò ní í lọ bá ẹni tó kẹ̀yìn sí òun. Orí rẹ̀ kunkun, bíi tèmi náà. Àárò bàbá mi sọ mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù gbàǹja, kí n ṣáà lè gbóòórùn rẹ̀. Ó ṣì ń sọ mí.

Lọ́dún kẹrin, oníṣòwò kan ti Kúmásì dé. Ó ní ibà ti pa bàbá mi. Lójú bàbá mi, ìràwọ̀ ni ojú kọ́bọ̀. Ó ti gba yàrá méjì sílẹ̀ dè wá, ó ra ìkòkò, ó ń lọ wo ìdíkọ̀ bóyá a ti dé. Kò tún ránṣẹ́ mọ́, ó rò pé a kọ̀ ni.

Ìyá mi bi í bóyá bàbá mi fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó ní rárá.

"Á jẹ́ pé èmi ni mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀," ni ìyá mi wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.