142857, Nọ́ńbà Sherifat Aránṣọ

Tí ẹ bá dé Igbó-Elérin tí ẹ béèrè Sherifat tó ń rán sùtánà, kí wọ́n tó júwe ọ̀nà fún yín, wọ́n á kọ́kọ́ kìlọ̀ pé kí ẹ má jẹ́ kó bá yín sọ̀rọ̀ nọ́ńbà fóònù ẹ̀. Mùsùlùmí ọmọ Ìjẹ̀bú ni, aṣọ funfun àwọn oníjọ onísùtánà ló sì ti ń bọ́ ọ láti ọdún mọ́kànlá. Àmọ́ ohun tó fi ń yangàn jù láyé ni nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn lórí fóònù rẹ̀: 142857.

Kò sí oníbàárà tó wọn ọrùn lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ. "Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kí lẹ rí? 285714. Ìlọ́po mẹ́ta ńkọ́? 428571. Àwọn mẹ́fà kan náà ni! Wọ́n kàn ń pààrọ̀ ìjókòó ni." Títí dórí ìlọ́po mẹ́fà, àlejò kankan kì í wọ àárín wọn, ẹnikẹ́ni kì í sì í já ìlà, ẹni tó ṣíwájú nìkan ló ń yàtọ̀. Sherifat á wá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló bí wọn. Ó kọ ọ́ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ ẹ́ sára ègé aṣọ kékeré tó ń rán mọ́ inú ọrùn gbogbo iṣẹ́ tó bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣejù ló kó o sí wàhálà. Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lọ gba iṣẹ́ ogójì sùtánà ní ìjọ Wòlíì Àjàyí ní Ìbà, iṣẹ́ tó ti ń rí gbà níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, tó sì máa ń gbé ọdún rẹ̀ ró. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu géètì bí wọ́n ṣe ń ṣe, ó wọlé, ni ẹnu bá ń yún un. Torí pé eéje làwọn yẹn fẹ́ràn, àbẹ́là méje, àdúrà ìgbà méje, ó ní kí Wòlíì sọ nọ́ńbà òun di ìlọ́po méje lórí fóònù rẹ̀.

999999 ló jáde. Ìjọ hó yèè. Wòlíì ò fẹ́ kí obìnrin tó ń kírun gba àtẹ́wọ́ ju òun lọ nínú ilé ara òun, ló bá dorí fóònù kodò.

"Ẹ̀yin ará, ẹ wá wò ó! Ẹẹ́fà mẹ́fà! Nọ́ńbà ẹranko inú Ìwé Ìfihàn nì, 666, ó ti bí ìbejì!"

Ó ní kí gbogbo ìjọ pa nọ́ńbà Sherifat rẹ́ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì wá aránṣọ mìíràn fún ìkórè.  Ẹkún fẹ́ gbọ̀n Sherifat, ṣùgbọ́n ìbínú ló kọ́kọ́ débẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ dorí ẹ̀ kodò. Aṣọ tẹ́ ẹ bá wọ̀ lódì, ṣé aránṣọ lẹ máa bú ni?"

"Dákẹ́! Nọ́ńbà yẹn ò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹni mímọ́!"

"Ó ti yé mi, sà." Ó yíjú sí Ìyá Ìjọ. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo inú ọrùn aṣọ Bàbá."

Ìyá Ìjọ wọ gíláàsì, ó ṣí ọrùn sùtánà Wòlíì, ó kà á sókè: "Oókan, ẹẹ́rin, eéjì, ẹẹ́jọ, aárùn-ún, eéje."

Gbogbo ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá ọrùn ara wọn.

"Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbé lọ́rùn yín, Bàbá," Sherifat wí. "Gbogbo ìran tẹ́ ẹ ti ń rí látìgbà yẹn, ta ló wá ń fi hàn yín?"

Wòlíì Àjàyí wúkọ́. Ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Ogójì la ní kó o rán," ó béèrè, "àbí àádọ́ta?"